TÍTÚN ÀWÒRÁN ÀTIJỌ́ ṢE: OHUN TÍ A LÈ YỌ ÀTI OHUN TÍ A LÈ FI KÚN UN

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀-ọ́n-gún, àìmọ̀-ọ́n-tẹ̀ ni iyán ewùrà fi ń lẹ́mọ. Ní ọdún 2012, ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Cecilia Giménez ni orúkọ rẹ̀, mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwòrán Jésù kan ṣe nínú ilé ìjọsìn kan ní Borja, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Sípéènì. Elías García Martínez ni ó ya àwòrán náà sára ògiri ní nǹkan bí ọdún 1930, ọ̀rinrin sì ti ń mú kí ọ̀dà rẹ̀ máa ṣí. Ìyá yìí kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ó fẹ́ràn àwòrán náà, kò sì fẹ́ kí ó parẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ojú Olúwa ti di ojú ọ̀bọ. Tọmọdé tàgbà ni ó fi í rẹ́rìn-ín káàkiri ayé. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Borja láti lọ wo àwòrán tí ó bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí ohun kan tí èmi fúnra mi ti fi ọwọ́ mi ṣe. N ó padà sórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtọ́jú àti àtúnṣe àwòrán ọlọ́dà, irú èyí tí a ń yà sórí aṣọ tí a nà mọ́ férémù tàbí sórí pákó, tí a lè gbé kọ́ sára ògiri, tí a sì tún lè gbé kúrò. (Ti Borja kì í ṣe irú rẹ̀ gan-an, nítorí pé ara ògiri ni wọ́n yà á sí, àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a rí.) Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bi mí pé, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú èyí? Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà ní èdè wa. Mẹkáníìkì a máa tún ọkọ̀ ṣe. Olùkọ́ a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba òdo pé kí ó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a máa ń tún ilé ṣe. Nínú gbólóhùn kìíní, ohun tí ó bàjẹ́ ni a mú padà sípò. Nínú èkejì, a pa ti àkọ́kọ́ tì, a sì ṣe òmíràn. Nínú ẹ̀kẹta, ohunkóhun kò bàjẹ́, ìdọ̀tí ni a kó kúrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣì wá gbọ́, nítorí pé ọkọ̀, iṣẹ́ àmúrelé àti ilé ti là á yé wa. Níbi àwòrán àtijọ́ ni ìṣòro wà. Bí a bá ní kí ènìyàn lọ tún àwòrán ṣe, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a rán an? Ìyá Borja ṣe èkejì, ó sì rò pé èkíní ni òun ń ṣe.

Nítorí náà, n ó pe dídènà ìbàjẹ́ ní ìtọ́jú. N ó pe yíyọ ìdọ̀tí àti dídí ojú ibi tí ó ti já ní àtúnṣe, ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí yóò sì jẹ́ atúnwòránṣe. Bí ẹnì kan bá wá fi ọ̀dà tirẹ̀ bo ọ̀dà ẹni tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán, n ó pe ìyẹn ní àtúnkùn.

Kí a má baà ṣì mí gbọ́, n kò sọ pé àtúnkùn burú níbi gbogbo. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó máa ń kun ògiri, tí wọ́n sì ń ya àwòrán sí i. Bí ọdún bá yí po, wọn a tún kun òmíràn bo ti èṣí. Níbẹ̀, kíkùn gan-an jẹ́ ara ìjọsìn. Ògiri tí a kò bá kùn mọ́ ni ògiri tí a pa tì. Ẹni tí ó bá ní kí a fi gíláàsì bo ti èṣí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àwòrán tí ẹnì kan ṣoṣo tí a mọ orúkọ rẹ̀ yà ní ọdún kan tí a mọ̀. Ẹni náà ti kú. Kò sí ẹni tí ó lè bá a tún un yà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìkan ni a ní.

Ohun tí ó wà nínú àwòrán ọlọ́dà

Ẹni tí ó ń wo àwòrán a máa rò pé ojú kan ṣoṣo ni òun ń wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Férémù igi ni ó wà lẹ́yìn pátápátá. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n nà lé e lórí kí ó le bí awọ ìlù. Wọn a fi àtè tí a sè láti ara awọ ẹran pa aṣọ náà lára kí òróró má baà jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà wọn a kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ayàwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkúta, amọ̀, tàbí òjé tí a ti sọ di ẹ̀tù ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀dà rẹ̀ láyé àtijọ́, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a sì pò ó mọ́ òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Ṣe ni ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí ó sì ń le díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ tó, wọn a fi fáníìṣì tí a fi oje igi ṣe bò ó lókè. Fáníìṣì ni ó ń mú kí dúdú dú dáadáa, kí pupa sì pọ́n yòò. Òun náà ni ó ń dá eruku àti èéfín dúró kí wọ́n má baà dé ara ọ̀dà.

Àwọn ìpele wọ̀nyí kò mọ ìrìn ara wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, igi a wú. Bí ó bá gbẹ, igi a sún kì. Aṣọ pẹ̀lú àtè inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ọ̀dà tí ó ti le kò lè bá wọn wú, kò sì lè bá wọn sún kì, nítorí náà a sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó àwọn àwòrán National Gallery ti Lọ́ńdọ̀nù lọ pamọ́ sínú ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Manod, ní ilẹ̀ Wales, kí bọ́ǹbù má baà bà wọ́n. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ó ya àwọn olùtọ́jú lẹ́nu. Àwọn ọ̀dà tí ó máa ń ṣí, tí wọ́n sì máa ń lẹ̀ padà lemọ́lemọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí mọ́ nínú ihò náà. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n mú kí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ wà lójú kan lọ́sàn-án àti lóru. Ohun tí wọ́n sá wọ inú ihò láti fi sá fún ogun ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ pé afẹ́fẹ́ inú yàrá ni oògùn àkọ́kọ́ fún àwòrán.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ètè wa ní oṣù Kejìlá, tí ó sì mọ bí ògiri ilé ti máa ń rí ní oṣù Keje, yóò mọ ìyà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń jẹ ní ilẹ̀ wa. Aina Onabolu (1882–1963), ẹni tí a kà sí aṣíwájú nínú yíya àwòrán ní ọ̀nà yìí ní Nàìjíríà, ti ń ya àwòrán ojú àwọn gbajúmọ̀ Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọdún 1906 ni ó ya ti Ìyáàfin Spencer Savage. Ẹ ka iye ọyẹ́ tí ó ti fẹ́ láti ìgbà náà.

Àwòrán tí ìdọ̀tí sọ lórúkọ

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Rijksmuseum, ní ìlú Amsterdam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àwòrán kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìṣọ́ Òru. Rembrandt van Rijn ni ó yà á ní ọdún 1642 fún gbọ̀ngàn àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń ṣọ́ ìlú. Ó tóbi púpọ̀: ó ga tó nǹkan bí mítà 3.8, ó sì fẹ̀ tó mítà 4.5. Ọ̀gágun Frans Banninck Cocq ni ó wọ aṣọ dúdú ní iwájú, tí ó na ọwọ́ síta; igbákejì rẹ̀, Willem van Ruytenburch, wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gbé ìbọn, ọ̀kọ̀ àti àsíá. Ọmọdébìnrin kan ń tàn yòò láàrin wọn, ajá kan sì ń gbó mọ́ onílù.

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé òjìji ọwọ́ ọ̀gágun náà hàn lára aṣọ igbákejì rẹ̀. Oòrùn ni ó dá òjìji yẹn. Ojúmọmọ ni, kì í ṣe òru rárá. Ṣùgbọ́n fáníìṣì tí wọ́n ń kùn lé ara wọn láti ìran dé ìran ti pọ́n, ó ti ṣú, ìdọ̀tí sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, débi pé nígbà tí ó fi máa di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn tí ó ń wò ó rò pé àwọn aṣọ́de ni ó ń lọ nínú òkùnkùn. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa ní orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì àti ìnagijẹ. Èyí tí ìdọ̀tí fúnni, n kò tíì mọ ìsọ̀rí tí n ó fi í sí.

Nígbà tí wọ́n fọ àwòrán náà lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946 sí 1947, ilẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Orúkọ kò yí padà. Ní tèmi, mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀: a lè nu fáníìṣì kúrò lára aṣọ, a kò lè nu ohun tí igba ọdún ti fi sẹ́nu ènìyàn.

Ìdọ̀tí nìkan kọ́ ni ojú àwòrán yìí rí. Ní ọdún 1715, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Àyè tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́, láàrin ilẹ̀kùn méjì, kò gbà á. Dípò kí wọ́n wá ògiri mìíràn, àwòrán ni wọ́n gé. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti gé e. Apá òsì ni ó pọ̀ jù, nǹkan bí ọgọ́ta sẹ̀ntímítà, àwọn ènìyàn tí Rembrandt yà sí ibẹ̀ sì bá a lọ. A kò rí àwọn àjákù náà mọ́ títí di òní. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó ṣe èyí o. Àwọn tí wọ́n fi àwòrán sí níkàáwọ́ ni.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1911, ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fi ọ̀bẹ kọlu àwòrán náà. Fáníìṣì rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ kò fi lè là á já. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ìdọ̀tí tí ó sọ ọ̀sán di òru ni ó gba ọ̀dà Rembrandt lọ́jọ́ náà. Ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì ni ẹni yẹn mú wá, ó sì ya àwòrán náà ní ojú ibi tí ó lé ní mẹ́wàá. Ọ̀bẹ la ọ̀dà àti aṣọ já, ègé kan sì gé bọ́ sílẹ̀ pátápátá. Àwọn atúnwòránṣe so etí aṣọ pọ̀, wọ́n fi ìda àti oje igi lẹ aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀yìn ti àtijọ́, wọ́n dí àwọn kòtò, wọ́n sì fi ọ̀dà tán wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1990, ẹlòmíràn tún fọ́n ásíìdì sí i. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré da omi lé e, ásíìdì náà kò sì kọjá fáníìṣì. Fáníìṣì kú nítorí ọ̀dà. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kùn ún náà ni ó ṣe yẹn.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ìda tí mo mẹ́nu bà. Láti ọdún 1851 ni Nicolaas Hopman ti fi ìda àti oje igi lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn Ìṣọ́ Òru, ọ̀nà náà sì tàn kálẹ̀. Ooru ni wọ́n fi ń yọ́ ìda wọ inú aṣọ, ó sì ń lẹ̀ tí kì í fi í já bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìda tí ó bá ti wọ inú aṣọ àti ìpìlẹ̀ kò ṣeé yọ tán mọ́, a sì máa mú àwọ̀ ṣú. Àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí àwòrán náà pẹ́ láyé. Ó pẹ́ láyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti dí ọ̀nà fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyí tí òfin kan fi jẹyọ láàrin àwọn atúnwòránṣe òde òní: bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, ohunkóhun tí o bá fi kún àwòrán, fi í sí i lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi lè yọ ọ́ lọ́la.

Yíyọ

Ohun tí a fi kún un ṣeé yọ bí a bá fi ọgbọ́n ṣe é. Ohun tí a yọ kò ṣeé dá padà. Nítorí náà ni iṣẹ́ fífọ àwòrán fi ń lọ bí ìgbín. Atúnwòránṣe a wé òwú mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, a fi omi tàbí oògùn tí ó ń yọ́ fáníìṣì rin ín, a sì yí i lórí ibi tí kò ju èékánná lọ. A wá wo òwú náà. Bí ó bá pọ́n bí omi tíì, fáníìṣì ni. Bí àwọ̀ mìíràn bá tẹ̀ lé e, kí ó dáwọ́ dúró kíákíá, ọ̀dà ni ó ń fọ̀ yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, itọ́ ẹnu wà lára ohun tí wọ́n fi ń yọ ìdọ̀tí lójú àwòrán olówó iyebíye, nítorí pé ó ní agbára láti tú ọ̀rá àti ẹ̀gbin láìpa ọ̀dà lára. Iná kan tún wà tí ojú wa kò lè rí. Bí wọ́n bá tàn án sí àwòrán nínú òkùnkùn, fáníìṣì àtijọ́ a tàn bí ewé tútù, ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn a sì hàn dúdú bí àbààwọ́n.

Ní oṣù Keje ọdún 2019, Rijksmuseum fi yàrá gíláàsì yí Ìṣọ́ Òru ká níbi tí ó wà, kí àwọn olùwòran lè máa rí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọ́n fi X-ray àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n rí ibi tí Rembrandt ti fi ọ̀dà tí ẹfun wà nínú rẹ̀ ya ilà iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí ohun tí ó yà tí ó sì tún pa rẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n gbé aṣọ náà kúrò lára férémù igi bọ́ sí ti alumíníọ́mù, èyí tí ọ̀rinrin kì í mú wú. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fáníìṣì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wò ó kí òwú tó kàn án. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀sọ̀ yìí, ìjà kì í tán. Ní ọdún 1946 àti 1947, ariyanjiyan ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn àwòrán tí National Gallery fọ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ kọjá ìdọ̀tí, pé wọ́n ti nu ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ayàwòrán fi parí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ fáníìṣì. Àwọn olùtọ́jú ní irọ́ ni, òkùnkùn ti mọ́ wọn lójú ni.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀dọ́-àgùntàn Ghent, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù. Hubert àti Jan van Eyck ni ó ya àwòrán pákó ńlá kan fún ilé ìjọsìn ibẹ̀, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1432. Ọ̀dọ́-àgùntàn kan ni ó dúró sórí pẹpẹ láàrin rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn kan kun ojú rẹ̀ lákùn-ún-tún, ó sì wá ní ojú àgùntàn jẹ́jẹ́ bí àgùntàn yòókù. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1951, àwọn atúnwòránṣe yọ díẹ̀ nínú àtúnkùn yìí, ni etí ti àkọ́kọ́ bá yọ jáde. Ṣùgbọ́n wọn kò yọ etí ti èkejì. Fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́ta, àgùntàn elétí mẹ́rin ni àwọn olùjọsìn ń wò. Iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Nígbà tí wọ́n yọ àtúnkùn náà tán, ojú mìíràn yọ: ojú méjèèjì kọjú síwájú, wọ́n tẹjú mọ́ ẹni tí ó ń wò wọ́n bí ojú ènìyàn. Nígbà tí àwòrán rẹ̀ jáde, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn, wọ́n ní wọ́n ti ba àgùntàn àwọn jẹ́. Èmi náà kò fẹ́ràn ojú yẹn. Ṣùgbọ́n ojú tí van Eyck yà nìyẹn, èyí tí wọ́n sì ń sunkún lé lórí ni ti alátùn-únkùn. Ìrísí méjèèjì, ti Borja àti ti Ghent, jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ ìtàn wọn. Nínú ọ̀kan ọwọ́ àlejò bo ọwọ́ onílé, nínú èkejì a ká ọwọ́ àlejò kúrò.

Fífi kún un

Kí ni kí a wá ṣe sí ibi tí ọ̀dà ti bọ́, tí ó sì ti lọ pátápátá? Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ihò ni ojú olùwòran yóò máa lọ. Bí a bá sì kùn ún tí ó bá ti àtijọ́ mu régí, a ti purọ́. Ní Rome, ní ilé ẹ̀kọ́ àtúnṣe tí Cesare Brandi jẹ́ olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n wá ọgbọ́n kan ní àwọn ọdún 1940. Wọn kì í kun ojú ihò náà ní àkùnpọ̀. Ilà tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n ń fà sí i láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ilà aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí o bá dúró ní òkèèrè, ojú rẹ yóò pa àwọn ilà náà pọ̀, àwòrán yóò sì pé. Bí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé ilà ni, wàá sì mọ̀ pé ayàwòrán kò dé ibẹ̀. Ọ̀dà tí omi tàbí oògùn fẹ́ẹ́rẹ́ lè yọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í sì í kọjá etí ihò. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi kan ọ̀dà àtijọ́.

Rijksmuseum lo ọgbọ́n tí ó tún ju èyí lọ ní ọdún 2021. Kí wọ́n tó gé Ìṣọ́ Òru, Gerrit Lundens ti ya ẹ̀dà kékeré kan láti ara rẹ̀, ẹ̀dà náà ṣì wà. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ́ bí Rembrandt ti ń lo ọ̀dà, kọ̀ǹpútà náà sì ya àwọn apá tí wọ́n gé nù láti inú ẹ̀dà Lundens. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n gbé wọn kọ́ yí àwòrán náà ká láìfi kan án. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n rí bí ọ̀gágun àti igbákejì rẹ̀ kò ti sí ní àárín mọ́ bí wọ́n ti rò, bí àwọn ẹgbẹ́ náà ti ń rìn bọ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n gbé àwọn àfikún náà kúrò.

Kásẹ́ẹ̀tì ìyá bàbá mi

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí ọ̀rọ̀ ara mi. Ní ọdún 1994, bàbá mi gba oríkì orílẹ̀ ilé wa sílẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà ti di olóògbé kí a tó bí mi. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa lọ gba ohùn àtẹnudẹ́nu kan, kí a da á kọ. Kásẹ́ẹ̀tì yìí ni mo mú. Téèpù rẹ̀ ti gbó. Ojú ibi mẹ́rin wà tí ohùn ìyá ti dàrú, tí n kò gbọ́ ju ariwo lọ. Mo fi ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà mìíràn nínú ẹbí dí díẹ̀. Ìyókù, èmi ni mo rò ó. Mo mọ bí ìyá ṣe ń gbé ohùn sókè tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, mo sì kọ ọ́ tẹ̀ lé ara wọn láìfi àmì kankan sí i. Olùkọ́ mi yìn mí pé iṣẹ́ náà dán. Ó dán lóòótọ́. N kò fi ilà Rome sí i.

Lẹ́yìn ọdún méjì, a ṣe òkú àgbà kan nínú ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin dìde, ó ń ki òkú. Wọ́n ti ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ mi fún àwọn ará ilé, n kò mọ̀ pé ó ti kọ́ ọ sórí. Nígbà tí ó dé ibì kan, mo gbọ́ gbólóhùn tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ ní yàrá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní òru ọjọ́ kan. Àwọn àgbà mi orí. Ẹnì kan fún un lówó.

Mo wá kásẹ́ẹ̀tì náà kàn nígbà tí mo padà sílé. Rédíò ti fa téèpù inú rẹ̀ jáde, ó ti já sí wẹ́wẹ́. Ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ nígbà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ gbólóhùn mẹ́ta tí ó dá mi lójú pé tèmi ni, mo sì ti fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi. Ojú ibi kẹrin ni ó kù. Gbólóhùn méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ìyá, ọ̀kan jẹ́ tèmi. Mo ti kà á títí, n kò mọ èwo ni èwo mọ́.